Láti Padley Gorge dé Higger Tor: ìrìn àyípo nínú igbó óákù àti pápá heather

Ẹ káàbọ̀ o. Tí ẹ bá wọ rélùwéè ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ sì dorí kọ ọ̀nà Manchester, kò ní pẹ́ tí ojú fèrèsé yóò fi ṣókùnkùn biribiri. Inú ihò abẹ́ òkè Totley lẹ wà yẹn, ó gùn ju kìlómítà 5 lọ. Bí ọkọ̀ bá ti yọrí lódì kejì, ó dúró. Grindleford nìyẹn, ẹ sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró níbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé.

Ibùdókọ̀ kékeré yìí la ó ti gbéra, ibẹ̀ náà la ó padà sí, ojú ọ̀nà mìíràn la ó sì gbà bọ̀. Nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 12 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò kánjú yóò lo wákàtí mẹ́rin. Ẹsẹ̀ tó le díẹ̀ lẹ nílò, ẹ ò nílò okùn tàbí irinṣẹ́ kankan. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ mú ṣe pàtàkì, ẹ̀wù òjò náà sì ṣe pàtàkì, kódà bí oòrùn bá ń ràn nígbà tí ẹ kúrò nílé. Ẹ fi máàpù pamọ́ sórí fóònù kí ẹ tó gbéra, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í dúró nínú àfonífojì.

Ẹ kọjá lórí afárá rélùwéè, kí ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn odò, kí ẹ sì máa gòkè. Padley Gorge lẹ wọ̀ yẹn. Igbó óákù àtayébáyé ni. Àwọn igi náà lọ́ wọ́gọwọ̀gọ, wọn ò ga, àwọ̀ ewé tó máa ń hù lára ògiri wa nígbà òjò ló bo ìdí wọn àti gbogbo òkúta ilẹ̀. Odò Burbage ń já ṣòòrò láti orí òkúta kan sí òmíràn lápá ọ̀tún yín nísàlẹ̀. Gbòǹgbò àti òkúta tútù ló wà ní ojú ọ̀nà, ẹ máa wo ibi tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé.

Tí ó bá jẹ́ ìparí oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún, ẹ dúró, kí ẹ dákẹ́. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pied flycatcher. Akọ rẹ̀ dúdú lẹ́yìn, ó funfun láyà, kò sì tó ológoṣẹ́. Ìhà ọ̀dọ̀ wa ló ti ń bọ̀. Nígbà tí òtútù bá mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń gbé. Bí ìgbà bá yí, á fò kọjá aginjù Sàhárà, á wá inú ihò igi óákù lọ yé ẹyin sí. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí i, ṣe ló máa ń dà bí ẹni tó pàdé ará ilé ní ìdálẹ̀.

Òkè igbó náà là sí pápá koríko tí odò là kọjá. Ilẹ̀ Longshaw ni. Ibi tí àwọn ìjòyè tí wọ́n ń pè ní Duke of Rutland ti máa ń yìnbọn pa ẹyẹ ni tẹ́lẹ̀, ará ìlú lásán kò gbọdọ̀ rìn fàlàlà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tà á ní ọdún 1927, àwọn ará Sheffield dá owó jọ, wọ́n rà á, wọ́n sì fi í lé National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, lọ́wọ́ ní 1931. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, ọ̀pọ̀ èèyàn fi ẹsẹ̀ wọ orí òkè Kinder Scout, ní Peak District, agbègbè olókè kan náà tí a ń rìn nínú rẹ̀ yìí, láìgba àṣẹ. Wọ́n rán márùn-ún lẹ́wọ̀n. Ọdún 2000 ni òfin tó jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè rìn lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní England àti Wales tó jáde. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ ò ṣe àlejò ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ tẹ̀ lé odò dé títì. Òkúta kan yọrí síta ní kọ́nà bí ẹnu ọ̀pọ̀lọ́, ẹnì kan sì ti gbẹ́ ojú sí i lára. Ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò kí ẹ tó sọdá.

Ibẹ̀ ni heather ti bẹ̀rẹ̀. Ewéko líle ni, kò ju orúnkún lọ, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń rí bí ohun tó ti kú, àmọ́ nínú oṣù Kẹjọ ó máa ń yọ òdòdó, gbogbo òkè a sì pọ́n bí aṣọ àlùkò tí wọ́n sá. Oyin ń kùn nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Igi ló kún un rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn làwọn èèyàn ti gé wọn, àgùntàn sì ń jẹ èyí tó bá fẹ́ hù padà. Nígbà tó yá, àwọn olówó tó ń dọdẹ ẹyẹ grouse ń dáná sun heather ní abala-abala, kí ọ̀mùnú tuntun lè yọ fún ẹyẹ náà láti jẹ. Ẹbí àparò ni grouse. Ẹ ó rí i tó gun orí ebè koríko, tó ń pariwo lé yín. Wọ́n ní àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ẹyẹ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dáná níbẹ̀, kò báà jẹ́ ti ẹran sísun. Ewéko jíjẹrà tó ti kó jọ láti ọdún gbọ́nhan ló wà lábẹ́ heather níbi púpọ̀, iná sì lè máa jó nínú rẹ̀ nísàlẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Nígbà tí Saddleworth Moor gbiná ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, àwọn sójà ni wọ́n pè wá ràn panápaná lọ́wọ́. Àwọn ẹyẹ tó ń yé ẹyin sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kì í sì í bọ́ nínú irú iná bẹ́ẹ̀. Nítorí tiwọn náà ni kí ẹ ṣe so ajá yín mọ́ okùn.

Lápá òsì ni Carl Wark wà, òkè olórí pẹrẹsẹ. Etí òkúta gíga ló dáàbò bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn tí kò ní ààbò làwọn ará àtijọ́ mọ odi òkúta sí, odi náà ṣì dúró. Lára àwọn òkúta ńlá inú àfonífojì náà, ẹ ó rí ihò kéékèèké: ojú ọta ìbọn ni, àwọn ológun ló fi ibẹ̀ kọ́ ogun jíjà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Higger Tor ló kàn, mítà 434. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣeré, àmọ́ ẹ jókòó sẹ́yìn òkúta, kí ẹ jẹun níbẹ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ gba Over Owler Tor lọ sí Surprise View, ó sì wọ inú igi birch ní Bole Hill. Ẹ wo ilẹ̀: ọlọ òkúta rìbìtì-rìbìtì, tí wọ́n ti gbẹ́ tán, wà níbẹ̀, ewé bò wọ́n. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ búrẹ́dì funfun, òkúta ibí tó ń sọ ìyẹ̀fun di eléérú kò tà mọ́. Wọ́n kàn fi wọ́n sílẹ̀ ni. Àwòrán ọlọ yẹn ni àmì Peak District National Park títí dòní. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wa òkúta tó lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù tí wọ́n fi kọ́ ìdídò (dáàmù) Howden àti Derwent. Igi birch ló ti padà gba ihò náà báyìí.

Ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ òkúta kalẹ̀ náà lẹ ó gbà sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀nà Padley Chapel, kí ẹ wá yà sí òsì. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, kí ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún yín dáadáa, eégbọn fẹ́ràn ibẹ̀, ó sì lè kó àrùn ranni.