Èrò Tó Ṣáájú Ọwọ́: Ohun Tí Òfin Àwọn Ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà Ń Pè Ní Ìpànìyàn Ìpele Kìn-ín-ní

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ kú ìdúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé mi dé iwájú yín lónìí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi mí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Derek Chauvin, ọlọ́pàá ní ìlú Minneapolis, fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn mọ́lẹ̀ fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 9, ọkùnrin náà sì kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n dá Chauvin lẹ́bi ìpànìyàn ìpele kejì, ti ìpele kẹta, àti ẹ̀sùn tó rẹlẹ̀ sí méjèèjì, èyí tí í ṣe pé àìbìkítà rẹ̀ ló ṣekú pa ènìyàn. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 22 ààbọ̀. Fóònù mi kò sinmi ní ọ̀sẹ̀ náà. Ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ: "Gbogbo ayé ló rí i. Báwo ni èyí kò ṣe jẹ́ ìpele kìn-ín-ní, èyí tó wúwo jù?"

Inú mi bàjẹ́ bíi ti gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí kọ́ ni òfin ń bi àwọn tó ń gbẹ́jọ́. Òfin kò béèrè bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ náà burú, tàbí bóyá ó ya ènìyàn lẹ́nu. Ohun tó ń béèrè ni pé: kí ọwọ́ tó pa ènìyàn, ǹjẹ́ ọkàn ti jókòó lé e? Ní Minnesota, ẹni tó pète ikú ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀ ni ìpele kìn-ín-ní wà fún. Ìpele kejì tí wọ́n fi dá Chauvin lẹ́bi kò sì nílò ẹ̀rí pé ó fẹ́ kí Floyd kú rárá. Ẹ̀rí tó nílò ni pé ó ń ṣe ènìyàn léṣe lọ́nà tó lòdì sófin, àti pé ibẹ̀ ni ẹni náà gbà kú. Agbẹjọ́rò ìjọba mú ẹ̀sùn tó mọ̀ pé òun lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí orísun. Òfin tí Amẹ́ríkà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìpele kankan. Ẹni tó fi èrò ibi pa ènìyàn, apànìyàn ni, okùn sì ni ẹ̀san rẹ̀. Obìnrin tó fi oṣù mẹ́ta gbèrò kó tó bu májèlé sọ́bẹ̀ ọkọ rẹ̀, àti ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mú bínú nílé ọtí tó sì fa ọ̀bẹ yọ, igi kan náà ni wọ́n ń so wọ́n kọ́. Pennsylvania ló kọ́kọ́ ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Àwọn Quaker pọ̀ níbẹ̀, ìjọ tí kò fẹ́ràn ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ní ọdún 1793, William Bradford, tó ti jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún ìpínlẹ̀ náà rí, tó sì padà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kọ ìwé kan láti wádìí bóyá ìjìyà ikú pọn dandan fún wọn ní tòótọ́. Ọdún kejì ni òfin jáde.

Ohun tí òfin ọdún 1794 yẹn sọ nìyí, ní èdè tiwa. Bí a bá fi májèlé pa ènìyàn, tàbí tí apànìyàn lúgọ dè é, tàbí tí ó pa á lọ́nà mìíràn tó jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, tó rò ó dáadáa, tó sì pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìpele kìn-ín-ní ni. Bí ikú bá ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnì kan ti ń dáná sun ilé, tó ń fipá báni lò pọ̀, tó ń fipá jalè tàbí tó ń fọ́lé onílé, ìpele kìn-ín-ní náà ni. Gbogbo ìyókù wà ní ìpele kejì. Ìpele kìn-ín-ní nìkan ni wọ́n fi ikú sí. Ẹ rí i pé wọn kò ṣe ìpele nítorí kí wọ́n lè fi ìyà kún ìyà. Ẹ̀mí ni wọ́n ń wá láti dá sí. Ìpínlẹ̀ lórí ìpínlẹ̀ wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, débi pé ọ̀rọ̀ bíi "májèlé" àti "lúgọ" ṣì wà nínú ìwé òfin Michigan àti California títí dòní.

Ibi tí wàhálà wà ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn: mọ̀ọ́mọ̀, rò, pète. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé "ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni", ọ̀rọ̀ sì ti parí lójú wa. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, kò tíì parí. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yìnbọn lu ènìyàn ní àyà lè jẹ́ ìpele kejì, bí kò bá sí ẹ̀rí pé ó ti ro ọ̀rọ̀ náà wò kó tó fa ìbọn. Báwo wá ni ìrònú náà ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó? Ìdáhùn kò dọ́gba, ẹ̀mí ènìyàn sì rọ̀ mọ́ ìyàtọ̀ yẹn.

Ẹ bá mi wọ yàrá kan ní Pennsylvania, ní ọdún 1962. Tọkọtaya kan ti ń jà láti àṣálẹ́ lórí iṣẹ́ ọkọ tó máa ń gbé e kúrò nílé. Ìbọn kan wà lórí pèpéle fèrèsé, lókè ibùsùn. Ọkọ fúnra rẹ̀ ló ti gbé e síbẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ìyàwó ní kó fún òun ní ohun tí òun lè fi dáàbò bo ara òun. Ariwo dákẹ́. Ìyàwó yí ẹ̀yìn sí i lórí ibùsùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ọkọ rántí ìbọn náà, ó na ọwọ́, ó gbé e, ó sì yìn ín lẹ́ẹ̀mejì sí ìpàkọ́ aya rẹ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní kò pète nǹkan kan, pé orí rẹ̀ ló dàrú. Ní ọdún 1963, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fi ìpele kìn-ín-ní lé e lórí, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń há sórí di òní: pé kò sí àkókò tó kéré jù fún ẹni ibi láti pète ibi. Ẹ̀wọ̀n gbére ló bá ẹjọ́ náà dé.

Ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ẹjọ́ mìíràn dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara da ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ pa ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ojú ọgbẹ́ tó wà lára ọmọ náà ju 60 lọ. Ilé ẹjọ́ kékeré ti dá ikú fún un. Ilé ẹjọ́ gíga yí i padà sí ìpele kejì. Wọ́n ní ìkà ṣíṣe kì í ṣe ẹ̀rí ìpète. Wọ́n wá la nǹkan mẹ́ta kalẹ̀ tí adájọ́ máa ń wò: ìmúrasílẹ̀ tó hàn kí ikú tó ṣẹlẹ̀, ìdí tí ẹni náà fi lè fẹ́ kí olóògbé kú, àti bí ó ṣe pa á, bóyá ọ̀nà náà fi hàn pé èrò tútù ló darí ọwọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ẹjọ́ yẹn, mo pa ìwé náà dé, mo sì jáde síta. Mi ò lè jókòó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà nínú iṣẹ́ òfin yìí, mo ti wá gbà pé California ló tọ̀nà. Bí ìṣẹ́jú àáyá kan bá tó láti pète, kí ló kù tí a ó máa pè ní ìpele kejì? Ògiri tí Bradford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ láti dá ẹ̀mí sí yóò ti wó, a ó kàn máa fi ìbínú wa sọ ìpele tó wù wá.

Ìnú ènìyàn jìn, kò sí ẹni tó lè ṣí i wò. Nítorí náà, àwọn nǹkan kéékèèké ló ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù: rìsíìtì okùn àti ọ̀rá ńlá tí wọ́n rà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ohun tí ẹnì kan wá lórí Google ní òru, ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí òpópónà kejì kí aládùúgbò má bàa rí i. Ẹ̀yin tí wọ́n bá pè láti wá ṣe jùrì, nǹkan báyìí ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Aráàlú méjìlá ni yín, ẹnu yín sì gbọ́dọ̀ kò. Láti ọdún 2020 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ìpínlẹ̀ tó lè dá ènìyàn lẹ́bi ẹ̀sùn ńlá báyìí nígbà tí ohùn jùrì kò bá ṣọ̀kan.

Ẹ̀rí náà lè pọ̀, kí jùrì sì rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1978, Dan White, tó ti jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco rí, gba ojú fèrèsé wọ ilé ìjọba ìlú náà, kí ẹ̀rọ tó ń yẹ irin wò lẹ́nu ọ̀nà má bàa mú ìbọn rẹ̀. Ó pa olórí ìlú, George Moscone. Ó tún ki ọta sínú ìbọn náà, ó sì lọ pa Harvey Milk, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú náà. Ta ni kò ní pe ìyẹn ní ìpète? Síbẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti jẹ agbára ìrònú rẹ̀, jùrì sì gbà. Wọn kò tilẹ̀ pè é ní ìpànìyàn ìpele kankan. Ẹ̀sùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́jọ sì ni. Ìlú gbiná lálẹ́ ọjọ́ tí jùrì sọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1981, àwọn aṣòfin California fagi lé irú àwíjàre yẹn. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú òfin pé ìjọba kò nílò láti fi hàn pé apànìyàn ro bí ìwà rẹ̀ ṣe wúwo tó bí àgbà ṣe ń ronú.

Orúkọ ìpele náà kò rí bákan náà káàkiri. Ẹni tó pète ikú aládùúgbò rẹ̀ fún ọdún kan ní New York, ìpele kejì ni púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ń bọ́ sí. Ìpele kìn-ín-ní tiwọn wà fún nǹkan pàtó, bíi pípa ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́, pípa ẹlẹ́rìí, tàbí gbígba owó pa ènìyàn. Texas, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí ní Houston, kò lo ọ̀rọ̀ ìpele fún ìpànìyàn rárá. Ìpànìyàn wà, èyí tó lè fa ìdájọ́ ikú sì wà lókè rẹ̀.

Ní ti ìyà, Michigan fagi lé ikú fún apànìyàn láti ọdún 1846. Ẹ̀wọ̀n gbére láìsí ìrètí àtijáde ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tó bá sì ti pé ọdún 21 nígbà tó ṣẹ̀, tí wọ́n dá lẹ́bi ìpele kìn-ín-ní níbẹ̀, kò ní ìyà mìíràn tí adájọ́ lè yàn fún un. Ní California, ó lè jẹ́ ọdún 25 sí gbére, tàbí gbére láìsí ìtúsílẹ̀, tàbí ikú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gómìnà wọn ti dá pípa àwọn ẹlẹ́wọ̀n dúró láti ọdún 2019. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Nàìjíríà fi wé tilé nìyí. Ìwé òfin ọ̀daràn wa kò ní ìpele. Bí ẹ̀sùn ìpànìyàn bá ti dúró lábẹ́ abala 319, ikú ni, adájọ́ kò sì ní ọ̀nà mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1976 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ pé òfin kò gbọ́dọ̀ fi ikú ṣe dandan fún ìpànìyàn ìpele kìn-ín-ní. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn ẹni tó wà níwájú wọn. Ní ọdún 2005, wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ pa ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tó ṣẹ̀.

Ìyá kan dìde nígbà tí mo dé ibí yìí. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, ká ní ọmọ ẹni kàn jókòó sínú mọ́tò ńkọ́? Kò wọlé, kò mú ìbọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lọ jalè, tí ọ̀kan nínú wọn sì pa ènìyàn."

Mo dá wọn lóhùn pé: ẹ ṣé mà, ìbéèrè yín ni mo bẹ̀rù jù lọ. Ẹ rántí apá kejì òfin 1794, ti olè jíjà àti ilé fífọ́. Ibẹ̀ ni òfin kò ti béèrè ìpète ikú mọ́. Èrò olè ló gba ipò èrò ikú. Fún ìran púpọ̀, ọmọ inú mọ́tò yẹn àti ẹni tó yìnbọn, ìpele kan náà ni wọ́n máa ń bọ́ sí. Ilé ẹjọ́ Michigan kọ̀ ọ́ ní ọdún 1980, wọ́n ní èrò ibi ti ẹni náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. California tún òfin tiwọn ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2019: ní ọ̀pọ̀ ẹjọ́, wọn kò lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi ìpànìyàn mọ́, àyàfi bó bá jẹ́ òun ló pa á, tàbí tó fẹ́ kí ẹni náà kú tó sì ràn wọ́n lọ́wọ́, tàbí tó kó ipa ńlá nínú olè náà láìka ẹ̀mí ènìyàn sí. Àwọn tó ti wà lẹ́wọ̀n pàápàá lè kọ̀wé padà sí kóòtù.

Ìyá náà ní, "Pennsylvania ni tèmi ń gbé."

Mo sọ fún wọn pé ní Pennsylvania, wọ́n ti sún irú ẹ̀sùn yẹn sí ìpele kejì láti ọdún 1974. Wọ́n bi mí bóyá ìyẹn ni pé ìyà rẹ̀ dínkù. Mo ní rárá, mà. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin náà kọ síbẹ̀, láìsí ìtúsílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sì mú fóònù wọn jáde nínú báàgì láti pe ọmọ wọn.