Òkú Ta Ni Wọ́n Ń Kà?

Bí mo ṣe sọ ọ́ lórí ìdúró ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ikọ́ mi nìkan ni mo yọ kúrò. Àwàdà ibẹ̀ àti ìjà ibẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Alága, ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ lọ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn kí ẹ lè tètè sá jáde, mo kí gbogbo yín o.

Àwọn baba wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìdí rẹ̀ yé wa. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ rí kí àgbà kan sọ pé a kì í ka òkú. Òkú ni ká kà, torí ẹni tí a kò bá ka ikú rẹ̀, ó dà bí ẹni tí kò wáyé rí. Gbogbo ohun tí mo bá wá kò ju ìyẹn lọ: kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni àwọn orílẹ̀-èdè alágbára tó ń lọ jagun nílẹ̀ onílẹ̀ ti ń yan òkú tí wọn yóò kà àti èyí tí wọn ò ní kà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi lọ́dún tó kọjá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àná ni mo tún gbé dé. Ẹ forí jì mí, kò tíì tán nínú mi.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, Ọ̀gágun Tommy Franks, tó ń darí ogun Amẹ́ríkà ní Afghanistan, sọ fún àwọn oníròyìn ní Bagram pé àwọn kì í ka òkú. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí wọ́n má tún ṣe bíi ti Vietnam, tí àwọn ọ̀gá ológun ń bu omi sí iye ọ̀tá tí wọ́n pa kí ogun lè dà bí èyí tó ń lọ dáadáa. Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ ọ̀gágun kan náà mọ iye ọmọ ogun tirẹ̀ tó kú. Ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ìlú tí wọ́n ti wá, ó mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò lọ kàn láti túfọ̀. Wọ́n ń ka òkú. Tiwọn ni wọ́n ń kà.

Ẹ jẹ́ ká wo Vietnam ọ̀hún. Ògiri òkúta dúdú kan wà ní Washington tí wọ́n fín orúkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ogun náà pa sí lára, orúkọ tó lé ní 58,000. Mi ò bá ògiri yẹn jà. Ìyá lè dé ibẹ̀ kó fọwọ́ pa orúkọ ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1995, ìjọba Vietnam náà gbé iye tirẹ̀ jáde: bíi mílíọ̀nù 2 ará ìlú, àti bíi mílíọ̀nù 1.1 jagunjagun. Tí a bá ní ká fín wọn sára òkúta, ògiri ti Washington yóò gùn sí i ní ìlọ́po àádọ́ta ó lé. Ẹ tún ọ̀rọ̀ mi gbọ́: ti Amẹ́ríkà, wọ́n mọ̀ ọ́n dórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti Vietnam, "bíi". Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "bíi", òun ni mo wá bá wọ̀dìmú lónìí.

Ó tún délẹ̀ Ìráàkì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ogun tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2003. Ohun ìjà olóró tí wọ́n torí rẹ̀ lọ, ẹ mọ bó ṣe parí, wọn ò rí i, mi ò ní í fàkókò ṣòfò lé e. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kú níbẹ̀ jẹ́ 179. Kì í ṣe bíi 179 o. Nígbà tí wọ́n bi Ààrẹ Bush léèrè ní ìparí ọdún 2005 pé ará Ìráàkì mélòó ló ti kú, ó ní 30,000, bó lé ni o, bó dín ni o. Bó lé, bó dín! Bí akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ bá bá a ṣírò owó rẹ̀ báyẹn, ọjọ́ náà ni wọn yóò lé e níṣẹ́.

Lẹ́yìn náà làwọn onímọ̀ dá sí i. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní 2006 ní ẹni tí ì bá má tíì kú ká ní kò sí ogun tó bíi 655,000. Ìwádìí mìíràn, tí ìjọba Ìráàkì àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ ṣe, ní ẹni tí ìwà ipá pa láàárín sáà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà jẹ́ 151,000. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kà kò dọ́gba, ẹ má pariwo lé mi lórí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ti jẹun yó lórí àríyànjiyàn yìí, bí wọ́n ṣe yan ilé, bí wọ́n ṣe béèrè ọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ wo àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì. Ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló sọnù síbẹ̀. Ní ilẹ̀ wo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti lè sọnù tí ìjọba ò ní wó?

Kí n sọ ti ara mi náà, kó má dà bíi pé ọ̀dọ̀ tiwọn nìkan ni irọ́ ń gbé. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, gbogbo àwa tí a kórìíra ogun là ń sọ pé ìdènà ọrọ̀-ajé ti pa 500,000 ọmọdé ní Ìráàkì. Mo sọ ọ́ títí ẹnu ro mí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí Saddam, olórí Ìráàkì, ti lọ kò rí òkú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba rẹ̀ ló ti da iyọ̀ sí i. Ojú tì mí nígbà tí mo kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá "bíi" jà: ẹni tó fẹ́ dín òkú kù ń lò ó, ẹni tó fẹ́ fi òkú ṣòwò náà ń lò ó.

Ẹnì kan yóò fẹ́ rán mi létí òwe erin méjì tó ń jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òwe yẹn sinmi. Koríko máa ń hù padà.

Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń kà á, tí ojú bá wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Amẹ́ríkà fi dírónù ju àdó olóró sínú agbo ilé kan ní Kabul, olú-ìlú Afghanistan. Ọ̀gá ológun wọn pátápátá ní iṣẹ́ òdodo ni. Èèyàn mẹ́wàá ló kú, méje nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ẹni tí wọ́n fojú sùn lára wọn, òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni. Kí ló fà á? Kabul kún fún oníròyìn lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n béèrè orúkọ. Ẹ wá rò ó, ogún ọdún gbáko, àwọn abúlé tí kò sí oníròyìn kankan ńkọ́?

Yẹ́mẹ̀n nìyí. Ìfojúdíwọ̀n Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni pé nígbà tí ọdún 2021 fi máa parí, ogun yẹn yóò ti pa 377,000, àti pé nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́fà ni kì í ṣe ìbọn ló pa wọ́n. Ebi ni, omi ìdọ̀tí ni, oyún tí kò rí dókítà ni. Irú òkú yìí ló rọrùn jù láti má kà, torí kò sí ọta ìbọn lára rẹ̀.

(Alága ti gbé ìwé pélébé sókè: ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.)

Laos: láti 1964 dé 1973, àdó olóró tó lé ní mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù ni Amẹ́ríkà jù síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ni kò bú. Wọ́n rí roboto bí bọ́ọ̀lù, ọmọdé sì ń ṣa bọ́ọ̀lù. Ó lé ní 20,000 èèyàn tó ti kú tàbí fara gbọgbẹ́ lẹ́yìn tí ogun ti parí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo tún fẹ́ sọ ti àwọn ogunléndé, àmọ́ ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn, kò tiẹ̀ dúró kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Rùwáńdà ńkọ́? Wọn ò wá síbẹ̀. Ṣé ìyẹn ló wá dáa?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà mọ̀ pé àtẹ́wọ́ yẹn tọ́ sí i.

Mo dákẹ́ díẹ̀, mo wá ní: ọmọ mi, o ti ká mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà Sòmálíà lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1993, ọmọ ogun Amẹ́ríkà 18 kú nínú ìjà kan ní Mogadishu. Àwọn ará Sòmálíà tó kú lọ́jọ́ yẹn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, bíi ti àtẹ̀yìnwá, kò sẹ́ni tó mọ iye. Àwọn 18 yẹn ni Washington ń rántí nígbà tí Rùwáńdà gbiná ní oṣù Kẹrin ọdún 1994. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, wọ́n pa ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀m mẹ́wàá tó ń pẹ̀tù síjà níbẹ̀ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Bẹ́ljíọ̀m ní àwọn ń lọ. Ní ọjọ́ 11, àwọn ọmọ ogun wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kigali tí bíi 2,000 èèyàn sá wá bá wọn. Àwọn apànìyàn ń dúró lẹ́yìn ọgbà. Ní ọjọ́ 21, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé dín àwọn ọmọ ogun tó ń pẹ̀tù síjà náà kù sí 270.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi ṣe níwájú yín. Mo wá síbí bí ẹni pé kíkà òkú tiwọn nìkan ló ń mú wọn lọ jagun. Ọmọbìnrin yìí ti fi hàn mí pé òun náà ló ń mú wọn sá. Òkú mẹ́wàá wúwo ju 800,000 tí wọ́n pa ní Rùwáńdà lọ, lápá méjèèjì. Mi ò sì lè sọ pé ìdásí kò dáa rí: ní ìparí ọdún 1978, ọmọ ogun Vietnam wọ Kàm̀bódíà, nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979 wọ́n ti lé Pol Pot, olórí tó ń pa àwọn ará ìlú rẹ̀, ìpakúpa dẹ́kun. Àgbáyé bínú sí wọn fún un.

Ọ̀gbẹ́ni kan níwájú wá béèrè pé ta ni yóò wá kà á, ṣé nínú ogun ni èèyàn yóò máa gbé ìwé kiri? Alága ti dìde dúró, torí náà mo fún un ní ẹyọ kan péré. Àjọ kékeré kan ní Belgrade, olú-ìlú Serbia, tí Nataša Kandić dá sílẹ̀, kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n rí pé ó kú tàbí tó di àwátì nínú ogun Kosovo àti lẹ́yìn rẹ̀, láti 1998 dé 2000: ọmọ Albania, ọmọ Serbia, àwọn Roma, ẹni tí àdó olóró NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, pa àti ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ pa. Wọ́n ń ti ilé dé ilé. Iye tí wọ́n rí jẹ́ 13,535.