Kọ́ńgò Tiwa, Kọ́ńgò Tiwọn: Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Pàṣípààrọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì sọ ní Yábàá nìyí. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ kún un tí àkókò ò jẹ́ kí n sọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìfarabalẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra gàrí l'Óyìngbò rí mọ̀ pé kí a tó dúnàá-dúrà, kọ́ńgò la kọ́kọ́ ń wò. Kọ́ńgò kan wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ ó rò pé ó kún, àmọ́ gàrí inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹlòmíràn ò ní kọ́ńgò rárá, dẹ̀ríkà ló fi ń wọ̀n. Bí ọmọ bá délé, tó ní kọ́ńgò mẹ́ta lòun rà, ohun tí ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kọ́ńgò ibo?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà ní ọ́fíìsì tó ń rí sí pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín yunifásítì wa àti àwọn ti òkè òkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé físà nìkan là ń bá yí. Físà le, n ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí tó ń fi sáà ẹ̀kọ́ ọmọ ṣòfò jù lọ ni òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. N ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní dárúkọ ilé-ìwé rẹ̀. Ó lọ ṣe sẹ́mẹ́sítà kan ní Jámánì. Kọ́ọ̀sì márùn-ún ló ṣe níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kírédíìtì mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ di 30. Nígbà tó padà dé, wọ́n wo 30 yẹn ní ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n ní kò ṣeé ṣe, torí yúnìtì 24 ni òfin gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe mọ ní sẹ́mẹ́sítà kan. Wọ́n tún wo máàkì. Ó gba 1.3 nínú kọ́ọ̀sì kan, ó gba 1.7 nínú òmíràn. Nílé níbí, ẹni tí CGPA rẹ̀, ìyẹn àròpín gbogbo máàkì rẹ̀, bá jẹ́ 1.3, ẹkún ló kù tó máa sun. Wọ́n ní ọmọ náà lọ ṣeré ni. Bẹ́ẹ̀, ní Jámánì, 1.0 ni òkè pátápátá, 4.0 ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege, 5.0 ni ti ẹni tó féèlì. Ọmọ tí wọ́n ń bá wí yìí wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù lọ́hùn-ún! Oṣù méje ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó gbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti jáde kí ó tó kan òun. Mo rántí bó ṣe jókòó síwájú mi, tí kò sunkún, tó kàn ń ká etí ìwé èsì rẹ̀ sókè sódò. Ó dùn mí títí dòní.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi fún un nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kọ́ńgò ni wọn ò bi í léèrè. Kírédíìtì Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní ECTS, ń ka gbogbo wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣiṣẹ́: èyí tó fi jókòó ní kíláàsì, èyí tó fi kàwé ní yàrá rẹ̀, èyí tó fi múra ìdánwò. Kírédíìtì kan jẹ́ wákàtí 25 sí 30. Sẹ́mẹ́sítà kan jẹ́ kírédíìtì 30, ọdún kan jẹ́ 60. Yúnìtì tiwa ní tirẹ̀, wákàtí tí olùkọ́ fi dúró níwájú yín ló ń kà: wákàtí 15 ní sẹ́mẹ́sítà kan ni yúnìtì kan. Kọ́ńgò tiwọn ń wọn gàrí pọ̀ mọ́ omi tí a fi tẹ ẹ̀bà. Tiwa ń wọn gàrí gbígbẹ. Nítorí náà, 30 tí ọmọ yẹn gbé wálé kì í ṣe àṣejù, iṣẹ́ sẹ́mẹ́sítà kan géérégé ni.

Àwọn òyìnbó pàápàá kọ́ èyí lára iṣẹ́ ni. Lọ́dún 1987 tí Erasmus, ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti Yúróòpù, bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 ló lọ láti orílẹ̀-èdè 11. Ní 1989 ni wọ́n gbé ECTS jáde nínú ètò náà, kí ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá ṣe ní ìlú kan lè ní iye tí a mọ̀ ní ìlú kejì.

Ohun tó yẹ kó ti wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn kó tó wọ bàálù ni ìwé tí wọ́n ń pè ní Learning Agreement. Gbogbo kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún ló máa wà nínú rẹ̀, àti èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dípò níbí. Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i: akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ilé-ìwé tó ti wá, àti èyí tó ń lọ. Bí kọ́ọ̀sì kan bá yí padà nígbà tó débẹ̀, kó yára kọ̀wé, kí wọ́n tún un fọwọ́ sí. Ìlérí ẹnu tí olórí ẹ̀ka bá ṣe kò tó, nítorí olórí ẹ̀ka náà lè ti kúrò lórí àga kí ọmọ tó dé.

Físà wá ńkọ́? Ẹ wo ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù máa parí kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù kankan. Ẹni tó ń lọ sí Jámánì tí kò ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó oúnjẹ òun wà nílẹ̀. Láti 2024, Yúrò 11,904 ni wọ́n ń béèrè fún ọdún kan. Ẹ béèrè fún transcript, ìwé èsì ẹ̀kọ́ yín, ní kùtùkùtù, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa sọdá afárá Third Mainland lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Jámánì ní Walter Carrington Crescent.

Kàlẹ́ńdà náà ń dá wa lóró. Ní Jámánì, sẹ́mẹ́sítà òtútù máa ń bẹ̀rẹ̀ ní October, ti ẹ̀ẹ̀rùn ní April, ọdún dé ọdún. Tiwa kì í dúró lójú kan. Lọ́dún 2022, láti 14 February títí di 14 October ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi wà nínú ìyanṣẹ́lódì. Ẹ sọ fún mi, èsì wo ni ọmọ fẹ́ fi ránṣẹ́ ní June ọdún yẹn? Mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ títí ọwọ́ mi fi ń ro mí.

Wàyí o, apá tí a kì í fẹ́ gbọ́. Èsúsú ni pàṣípààrọ̀. Owó ilé-ìwé nílé níbí ni ọmọ wa ń san lọ. Ilé-ìwé tó gbà á kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé àwa náà máa gba ọmọ tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọmọ wa mẹ́fà bá lọ tí ẹnikẹ́ni ò wá, a ti kó èsúsú láìdá. Wọn ò ní bá wa jà. Ìwé àdéhùn yẹn á kàn parí, wọn ò ní tún un ṣe.

Kí ló dé tí wọn kì í wá? Mo gba ọmọkùnrin kan lálejò lọ́dún kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè forúkọ sílẹ̀, torí pé kọ̀ǹpútà ń béèrè nọ́ńbà JAMB, ti ìdánwò àṣewọlé yunifásítì wa, lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo ni ọmọ Jámánì ti fẹ́ rí nọ́ńbà JAMB? Họ́sítẹ́ẹ̀lì ò sì lè fún un ní yàrá láìsí nọ́ńbà mátíríìkì. Ìdílé òṣìṣẹ́ wa kan ní Ṣómólú ló gbà á sílé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá débi tó fi ń sọ fún ìyá elélùbọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní èènì." Òun ló padà lọ rọ àwọn méjì mìíràn tó wá tẹ̀ lé e. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n ya yàrá mẹ́rin péré sọ́tọ̀, kí wọ́n sì ṣí ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ fún àlejò. Mo tún ń bẹ̀ wọ́n lónìí. Yàrá mẹ́rin yẹn ni àyè mẹ́rin fún ọmọ tiwa lókè òkun.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, ìyá kan dìde lẹ́yìn, ó ní, "Bí wọ́n bá ní ọmọ mi ti wọlé, kí ni kí n kọ́kọ́ béèrè?" Mo ní kí wọ́n má tíì béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n ní kí ọmọ gbé Learning Agreement wá, kí wọ́n wo ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ fọwọ́ sí, kí wọ́n sì wo déètì: ṣé ó ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò? Wọ́n yọ báírò nínú báàgì wọn, wọ́n yí ìwé ètò ọjọ́ náà sẹ́yìn, wọ́n ní kí n tún orúkọ ìwé náà pè díẹ̀díẹ̀, kí àwọn lè kọ ọ́ dáadáa.