Lorado Taft àti ère kọnkéré tó dúró lókè odò Rock

Ẹ wo ère yìí dáadáa. Láti òkèèrè, ẹ ó rò pé òkúta gbàǹgbà kan ni wọ́n gbẹ́. Kọnkéré ni, inú rẹ̀ sì ṣófo. Nítòsí ìlú Oregon ní ìpínlẹ̀ Illinois ló wà, ó ká apá mọ́yà lábẹ́ aṣọ ìbora, ó kọjú sí odò. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 48, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 270. Black Hawk, olórí àwọn Sauk, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni aráàlú fi ń pè é, ṣùgbọ́n Taft, ẹni tó mọ ọ́n, kò yá a ní ojú ẹnì kankan.

Wọ́n bí Lorado Taft ní Elmwood, ní Illinois, lọ́dún 1860. Ó kọ́ṣẹ́ ère ní Paris, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Art Institute ti Chicago lọ́dún 1886. Nígbà tí iṣẹ́ ìpàtẹ àgbáyé ti 1893 ní Chicago pọ̀ ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ, ó béèrè lọ́wọ́ Daniel Burnham, olórí iṣẹ́ ìkọ́lé níbẹ̀, bóyá òun lè gba àwọn obìnrin tí òun ń kọ́. Burnham ní kó gba ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣe é, bó jẹ́ ehoro funfun pàápàá. Orúkọ yẹn, Ehoro Funfun, ló mọ́ àwọn obìnrin náà lára. Janet Scudder wà nínú wọn, òun náà sì di gbajúmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ère.

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe mọ ère tó ga báyìí? Taft kọ́kọ́ mọ kékeré. John Prasuhn, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wá fi igi, wáyà àti irú aṣọ tí wọ́n fi ń rán àpò gbé ìrísí rẹ̀ dìde lórí òkè náà. Ara èyí ni wọ́n ti fi POP mú mọ́ọ̀dù. Wọ́n tú ohun tó wà nínú kúrò, wọ́n to ọ̀pá irin, wọ́n sì da kọnkéré sí i. Níbì kan, ara ère náà nípọn íńṣì 8 péré. Níbòmíràn, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 3.

Oṣù Kejìlá 1910 ni wọ́n dà á, nínú òtútù. Tí omi inú kọnkéré tútù bá di yìnyín kó tó gan, kò ní lágbára mọ́ láéláé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fẹ́ ooru omi híhó sí i, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Wọn kò tú mọ́ọ̀dù náà títí òtútù fi lọ. Oṣù Keje 1911 ni wọ́n ṣí i.

Òtútù kò tíì fi í sílẹ̀ o. Omi ń wọ ibi tó bá sán, ó ń di yìnyín, ó ń wú, ó sì ń fẹ àlàfo náà sí i. Bí ọ̀rinrin bá kan irin, ìpẹtà náà á wú, á ti kọnkéré jáde. Ẹni tó bá kàn po sìmẹ́ńtì líle lé e kò tún nǹkan kan ṣe: tuntun àti àtijọ́ kì í wú bákan náà, àlẹ̀mọ́ náà á ṣí. Àfi kó gé èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, kó fọ ìpẹtà ara irin, kó sì po èyí tó bá ti àtijọ́ mu.