Ẹjọ́ ilẹ̀ yín wà ní kóòtù tí kò yẹ? Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó ní kí wọ́n gbé e

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹjọ́ ilẹ̀ là ń sọ lónìí, pàápàá ti kí wọ́n gbé ẹjọ́ kúrò ní kóòtù kan lọ sí òmíràn, ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní tìráńsífà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé tí adájọ́ bá ti lè sọ pé ẹjọ́ yìí kì í ṣe tibí, ó ti tán nìyẹn. Kò tán. Àmọ́ ó níbi tó ti máa ń dun èèyàn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi lọ́yà yín nìyí: ṣé kóòtù yìí ò lágbára lórí ọ̀rọ̀ wa ni, àbí àdúgbò tó wà ni ò bá a mu? Ẹ má kà wọ́n sí nǹkan kan náà o. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 tí gbogbo Nàìjíríà ń lò, apá 39 rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ tí ìwé gómìnà wà lórí ẹ̀, irú èyí tó ní C of O, Háí Kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ ló ni ẹjọ́ ẹ̀. Apá 41 wá fi ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fún èèyàn, sọ́wọ́ kóòtù kọ́sítọ́márì. Ìjà tó wà lórí apá 41 yìí pẹ́, àwọn kan ní Háí Kọ́ọ̀tù ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, títí Kóòtù Tó Ga Jù fi sọ ọ́ ní ọdún 2000, nínú ẹjọ́ Adisa àti Oyinwola, pé Háí Kọ́ọ̀tù náà lè gbọ́ ọ. Ti májísíréètì ńkọ́? Ẹjọ́ onílé àti ayálégbé ni tiẹ̀, àmọ́ bí ayálégbé bá dìde pé ìwọ kọ́ lo nilé yìí, ọ̀rọ̀ ti di ta ló nilẹ̀ nìyẹn, ìyẹn sì ti ju agbára májísíréètì lọ.

Tí kóòtù ò bá ti lágbára, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ti di òfo, kódà kí wọ́n ti fi ọdún mẹ́wàá jókòó sí i. Láti ọdún 1962, nínú ẹjọ́ Madukolu àti Nkemdilim, ló ti wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnìkejì yín sì lè kọ́kọ́ gbé e dìde ní Kóòtù Tó Ga Jù gan-an! Àmọ́ tó bá jẹ́ àdúgbò nìkan ni, bíi kí ilẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́ kí ẹ lọ pe ẹjọ́ ní Ìkẹjà, Háí Kọ́ọ̀tù kan náà ni gbogbo ẹ̀, ibi tí ilẹ̀ wà ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ló sì lè pàṣẹ kí wọ́n gbé e.

Ẹ tún fetí sí èyí. Dída ẹjọ́ nù àti gbígbé e lọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí wọ́n bá dà á nù, ẹ máa sanwó, ẹ máa fáìlì lákọ̀tun, aago sì ti ń ka bọ̀ látẹ̀yìn, torí ní Èkó ọdún 12 ni òfin sábà máa ń fún ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí apá 22 òfin Háí Kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ fi sọ pé tí ẹ bá ṣèèṣì gbé ẹjọ́ tó yẹ kó wà ní Háí Kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ wá síbẹ̀, adájọ́ ò ní torí ìyẹn nìkan dà á nù, ó lè tì í síbi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn kí wọ́n tó dárúkọ dída ẹjọ́ nù rárá.

Ibi tó máa ń dunni ló kàn yìí. Adájọ́ tuntun, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló máa ń gbọ́ ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé tiwa, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló mọ ààlà. Ó dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó ń fi ọ̀pá ẹ̀ ya ilẹ̀ pé odò gba ibí, igi akòko nìyí, pèrègún tí bàbá mi gbìn nìyí, adájọ́ ń fọwọ́ kọ ọ́, ó ń ní Bàbá, ẹ rọra. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé ẹjọ́ yẹn lọ sí ẹ̀ka tí ilẹ̀ wà. Kí ọjọ́ tuntun tó pé, bàbá ti papò dà. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 gbà kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí tó ti kú sọ nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́, a sì gba ẹ̀dà ẹ̀ tí kóòtù lù lóòǹtẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni "odò gba ibí". Ibí wo? Ọ̀pá ò sí nínú ìwé.

Torí náà, tó bá jẹ́ pé ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún tìráńsífà, kí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tó ṣí ẹnu ni. Lọ́yà máa kọ móṣàn, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń bẹ kóòtù, á fi àfidáfíìtì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn búra sí nínú ìwé, tì í, tàbí kó kọ lẹ́tà sí adájọ́ àgbà, ẹnìkejì yín sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà. Ẹ ní ìdí tó dúró: ibi tí ilẹ̀ wà, tàbí ẹjọ́ méjì lórí ilẹ̀ kan náà ní kóòtù méjì, tàbí ohun tó fojú hàn pé adájọ́ lè ṣègbè. Pé ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò bá yín lára mu, ìyẹn kì í ṣe ègbè o, ẹ jọ̀ọ́.

Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ẹ má jókòó sílé. Fáìlì ò lẹ́sẹ̀. Ẹ lọ sí rẹ́jísírì kóòtù tuntun fúnra yín, ẹ bèèrè bóyá ó ti dé, bóyá sọ́fè àti gbogbo ìwé tí ẹ kó sílẹ̀ wà nínú ẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà tuntun tí wọ́n fún un, kí ẹ sì bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa pè yín.