Ìràwọ̀ Márùn-ún Ara Gíláàsì

Ẹ wo ilé yìí dáadáa. Ó rí bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, àbí? Burj Al Arab nìyẹn, ní Dubai, ilé ìtura tí gbogbo ayé ń pè ní oníràwọ̀ méje láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i lọ́dún 1999. Kò sí ìjọba kankan tó fún un ní méje o. Àwọn tó ń darí ibẹ̀ fúnra wọn sọ pé akọ̀ròyìn kan ló wá wò ó, tó ní márùn-ún kéré jù fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ló di oyè.

Mítà 321 ni gíga rẹ̀. Lọ́dún 2013, Council on Tall Buildings and Urban Habitat, àjọ tó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ilé gíga, wọ̀n ọ́n, wọ́n ní mítà 124 nínú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè gbé. Fáàrí ni wọ́n fi ṣe. Mi ò ní ilé náà ò dára; owó mi ò tíì ká ibẹ̀. Ibi tí owó mi ká ni mo fẹ́ sọ.

Èkó ni, ilé ìtura "oníràwọ̀ márùn-ún" kan. Mábù ẹnu ọ̀nà ń dán débi pé mo rí bàtà mi nínú rẹ̀. Mo wọ yàrá, omi gbígbóná ò yọ, ẹ̀rọ amúlétutù ń kán tó, tó, tó sórí àpótí aṣọ mi. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, ẹni tó ń tún un ṣe ń bọ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò dé. Nígbà tí mo ń lọ, mo bi ọmọbìnrin tó wà ní káńtà pé ta ló fún yín ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe bá a lára gíláàsì nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ẹnìkan ṣoṣo tó ń pín ìràwọ̀ fún gbogbo ayé. Ní Faransé, Atout France, àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ níbẹ̀, ni, ọdún márùn-ún péré sì ni ìràwọ̀ fi ń wúlò. Ní Ítálì, agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó fà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ilé ìtura. Bí wọ́n bá sì yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, ohun tó ṣeé kà, tó ṣeé wọ̀n, ni wọ́n sábà ń wò: fífẹ̀ yàrá, lífítì, iye wákàtí tí ènìyàn fi ń wà ní káńtà. Bóyá ẹni náà máa dìde nígbà tí omi bá ń kán lóru, ìyẹn ṣòroó kọ sínú ìwé.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àlejò ò mọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ ló sábà ń ni ilé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìtura tó ń jẹ́ Marriott tàbí Hilton, ẹlòmíì ló ni wọ́n. Onílé ń fi orúkọ náà ṣòwò, ó sì ń san ìpín nínú owó tó ń wọlé. Kò sí wàhálà títí kápẹ́ẹ̀tì á fi gbó. Olórúkọ á ní kí onílé pààrọ̀ rẹ̀. Onílé á ní ọjà ò yá, kí wọ́n fún òun lọ́dún kan sí i. Ọdún kan á di mẹ́ta. Àlejò tó sanwó nítorí orúkọ ni yóò sùn sáàárín àwọn méjèèjì. Orúkọ sì lè lọ kí ilé dúró, kò dandan kó jẹ́ nítorí ìjà: àwọn àgbà Èkó ṣì rántí ìgbà tí Eko Hotel ń jẹ́ Le Méridien.

Ti owó abẹ́lẹ̀, kíákíá: ní Las Vegas, ní Amẹ́ríkà, tẹ́lẹ̀, iye tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè máà jẹ́ iye tí ẹ máa san, "resort fee", owó àfikún tí ilé ìtura ń gbà lórí owó yàrá, ń dúró dè yín. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òfin FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí wọ́n ti kà á mọ́ iye tí wọ́n ń polówó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n tún yàrá ṣe kẹ́yìn. Ẹ wá fọ́tò ilé ìwẹ̀ tí àlejò fi fóònù ara rẹ̀ yà. Nílé wa níbí, ẹ béèrè aago tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀.

Mo kọjá níwájú ilé ìtura mi yẹn lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti kùn ún, orúkọ mìíràn ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìràwọ̀ márààrún ṣì wà lára gíláàsì.