Orí Pánla Tí Mo Sẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá gbọ́ nǹkan tó ń hó yaya lẹ́yìn mi, ìkòkò ni. Màá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Lofoten ni mo bá wá lónìí, àwọn erékùṣù kan lápá àríwá Nọ́wè. Bí mo ṣe dé ibẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó jìnnà sí Bergen, ìlú kan lápá gúúsù Nọ́wè, ó sì wọ́n, ó tán. Oṣù kẹrin ni. Òkè yọ ṣóńṣó láti inú òkun, yìnyín bò ó lórí, mò ń ya fọ́tò. Bí atẹ́gùn ṣe yí padà báyìí, òórùn kan gbá mi nímú. Mo dúró gbagidi. Ilé ìdáná ìyá mi ni! Mo wọ ẹ̀wù òtútù mẹ́ta, mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀fọ́ rírò.

Pánla ni. Kì í ṣe pánla tútù o. Èyí tó le bí igi, tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko. Wọ́n so wọ́n ní méjì méjì nírù, wọ́n fi wọ́n kọ́ sórí àtẹ onígi gàgàrà. Kò sí iyọ̀, kò sí iná. Láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, atẹ́gùn ló ń gbẹ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí eṣinṣin má baà bà lé e, kò sì gbọdọ̀ tutù jù kí ẹja má baà dì. Láti ayé àwọn Viking, àwọn atukọ̀ Nọ́wè ayé àtijọ́, ni wọ́n ti ń tà á sókè òkun.

Ìgbà náà ni mo rí orí. Orí nìkan, wọ́n fi okùn sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Nọ́wè: "Èyí ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A kì í jẹ ìyẹn. Nàìjíríà ló ń lọ. Ṣé ìwọ máa ń jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Rárá o."

Hmm.

Orí ẹja ni ìpín bàbá mi nílé. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá fà á mu díẹ̀, wọ́n á yọ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí mi lẹ́nu, torí èmi ni àbíkẹ́yìn. Òun ni mo sẹ́. Mo tiẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín!

Mo mọ̀, ẹnìkan ti ń sọ pé, "Ṣebí pàǹtí wọn ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí wa?" Pàǹtí! Ẹ jẹ́ n mumi ná. Àwọn ọmọdé ló ń gé ahọ́n ẹja yẹn níbẹ̀. Ọmọ kékeré á fi orí ẹja gún irin, á gé ahọ́n rẹ̀, á tà á, òun ló ni owó. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun din ín, wọ́n á jẹ ẹ́. Ahọ́n kì í ṣe pàǹtí, orí tó gbé ahọ́n ló wá di pàǹtí? Ní ìparí 1431, ọkọ̀ Pietro Querini, oníṣòwò ará Venice ní Ítálì, bàjẹ́ sójú òkun; nígbà tó di 1432, ìgbì gbé òun àtàwọn tó kù dé Røst, erékùṣù kan ní Lofoten, pánla ni wọ́n ń fún wọn jẹ. Títí dòní, Ítálì ló ń ra èyí tó dáa jù. Ta ló pe ìyẹn ní pàǹtí?

Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Nọ́wè yẹn gan-an, Voss, ìlú kan ní Nọ́wè, ni wọ́n ti bí i. Bí Kérésì bá ń bọ̀, wọ́n ń jẹ smalahove. Orí àgùntàn ni o! Wọ́n á sun irun rẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sè é, ààbọ̀ orí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tojú tetí. Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, kó tó tutù. Háà! Orí la fi ń mú ẹran láwo, àwọn wọ̀nyí mú orí gan-an láwo.

Ẹlòmíì á ní oúnjẹ Ìgbò nìyẹn, kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀bú? Ìyá Ìgbò kan wà lọ́jà tí ìyá mi ń ra pánla lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà ogun 1967 sí 1970. Àwọn ìjọ Nọ́wè wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé oúnjẹ wọ Biafra lóru, pánla sì wà nínú rẹ̀. Ìyá yẹn kì í ju pánla sínú báàgì. Á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wa.

Ó dáa. Ìkòkò. Mo ti rẹ orí méjì sómi láti àná. Ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ láago márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni, aago márùn-ún, ẹ má bi mí. Mi ò tíì sọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ fún un. Mi ò sì tíì sọ pé mo purọ́. Ó ku ogún ìṣẹ́jú.